Gìtá fún Àgbàlagbà: Oṣù Mẹ́ta Àkọ́kọ́

Ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó bá sọ nílé pé òun fẹ́ kọ́ gìtá, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló máa gbọ́. Wọ́n á ní ìka rẹ̀ ti le. Wọ́n á bi í pé kí ló ń ṣe nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ọ. Òótọ́ ni pé ìka àgbà kì í tètè gbọ́ràn bíi ti ọmọdé, àmọ́ orin tó wà létí àgbà pọ̀ ju ti ọmọdé lọ fíìfíì. Ẹni tó ti ń kọrin ìsìn láti kékeré, tó sì ti jó sí orin Ebenezer Obey àti ti King Sunny Adé lóde ìnáwó láìmọye ìgbà, mọ ibi tí orin fẹ́ yà sí kí ó tó yà. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí ìka lè bá etí dé ibẹ̀.

Ẹni tí a kọ orí ìwé yìí fún ni ẹni tó níṣẹ́, tó níyàwó tàbí ọkọ, tó lọ́mọ, tó sì lè yọ ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lójúmọ́. Àfojúsùn wa kò ju kí ó lè fi gìtá gbe orin kan sí mẹ́ta lẹ́sẹ̀ nígbà tí oṣù mẹ́ta bá fi pé.

Gìtá wo ni kí ẹ rà?

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Gìtá onígi tí okùn rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù kì í dun ìka púpọ̀, àmọ́ ọrùn rẹ̀ máa ń fẹ̀. Gìtá onígi olókùn irin ni ẹ ń rí jù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́wọ́ àwọn tó ń kọrin lójú títì. Ohùn rẹ̀ ń lọ jìnnà, ìka ni kì í kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ni gìtá oníná. Òun ló ń gbé jùjú láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti mú un wọ inú orin náà ní 1949. Okùn rẹ̀ tinrín, ó sì rọ ọwọ́ lọ́rùn, àmọ́ ó nílò áńpù, áńpù sì nílò iná. Ẹni tó mọ bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò rẹ̀ kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá onígi olókùn irin, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi okùn tó tinrín sí i, èyí tí wọ́n kọ 10 tàbí 11 sára páálí rẹ̀. Bí oríkèé ọwọ́ bá ti ń yọ yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ẹ ra olókùn náílọ́ọ̀nù. Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dán wò: ẹ má fi okùn irin sí gìtá tí wọ́n ṣe fún náílọ́ọ̀nù. Irin ń fa igi gan-an ju náílọ́ọ̀nù lọ, ó sì lè fa igi tí okùn so mọ́ ní ikùn gìtá já.

Yíyẹ gìtá wò níwájú ọlọ́jà

Ẹ má jẹ́ kí kíkùn tó ń dán tàn yín. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé gìtá náà lé itan, kí ẹ sì fara balẹ̀ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ gbé orí gìtá sójú, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ọrùn náà bá lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dá gìtá náà padà fún ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, títí dé ìkejìlá. Ẹ mú káàdì ATM mẹ́rin, kí ẹ tò wọ́n léra, kí ẹ kì wọ́n sáàárín fírẹ́ẹ̀tì náà àti okùn tó nípọn jù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀ nípọn tó mílímítà 3. Bí wọ́n bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí gìtá olókùn irin, okùn náà ti ga jù. Ìka yín á jìyà lásán, ẹ ó sì rò pé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó pa gìtá tì, irú gìtá báyìí ni wọ́n rà.

Ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan lófìfo, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí ẹ tún ta á. Ohùn kan náà ni kí ẹ gbọ́, èkejì kàn máa ròkè ni, bí ìgbà tí obìnrin bá gbe orin tí ọkùnrin dá. Bí méjèèjì bá ń ta kora, kò sí bí ẹ ṣe lè tún ohùn rẹ̀ ṣe tí á gún. Ní ìparí, ẹ tẹ okùn kọ̀ọ̀kan láti fírẹ́ẹ̀tì kan dé òmíràn, kí ẹ gbọ́ bóyá ibì kan ń kùn. Bí gìtá bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ wo ikùn rẹ̀ dáadáa bóyá igi ti sán.

Bí ẹ kò bá dá ara yín lójú, ẹ bẹ ẹnì kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì yín pé kó bá yín dé ọjà. Owó ọkọ̀ rẹ̀ kéré sí owó gìtá tí kò dára.

Títún ohùn okùn ṣe

Okùn mẹ́fà ni gìtá ní. Èyí tó tinrín jù, tó sún mọ́ ilẹ̀ jù nígbà tí gìtá bá wà lórí itan, ni okùn kìn-ín-ní. Èyí tó nípọn jù, tó wà lókè, ni ẹ̀kẹfà. Láti orí ẹ̀kẹfà wá sórí èkíní, orúkọ ohùn wọn ni E, A, D, G, B, E.

Áàpù ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù tó ń bá ènìyàn ṣe èyí. GuitarTuna jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ta okùn, áàpù á sọ bóyá ó ti ròkè jù tàbí ó ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá ròkè jù, ẹ dẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tó yẹ kó wà díẹ̀, kí ẹ tó fà á padà wá sókè. Okùn tí wọ́n dẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n sì fi í síbẹ̀ kì í pẹ́ yẹ̀. Okùn tuntun náà máa ń yẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ẹ má rò pé gìtá ti bàjẹ́.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi etí tún un ṣe pẹ̀lú. Ẹ tẹ okùn kẹfà ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún: ohùn okùn karùn-ún lófìfo nìyẹn. Karùn-ún ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún ni ohùn kẹrin. Kẹrin ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún ni ohùn kẹta. Kẹta nìkan ló yàtọ̀: fírẹ́ẹ̀tì kẹrin lẹ ó ti rí ohùn okùn kejì. Kejì ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún sì ni ohùn okùn kìn-ín-ní. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ kí ẹ tó ta ohunkóhun.

Ìjókòó àti ọwọ́

Ẹ jókòó sórí àga tí kò ní apá. Ẹ̀yìn yín ní láti dúró ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì tẹlẹ̀. Ẹ má tẹ gìtá sẹ́yìn kí ẹ lè máa wo ìka yín. Ọrùn ọwọ́ ló máa ń san gbèsè ìyẹn. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì máa ń wà lẹ́yìn ọrùn gìtá, yóò fara tì í, kò ní fún un mọ́ra. Ẹ gé èékánná ọwọ́ òsì kúrú.

Ibi tí ìka ń tẹ̀ ṣe pàtàkì ju agbára tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ tẹ okùn sẹ́yìn fírẹ́ẹ̀tì gan-an, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, àmọ́ kó má gùn ún. Bí ìka bá jìnnà sí fírẹ́ẹ̀tì, okùn á máa kùn, ẹ ó sì máa fi ipá tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ á fi wú.

Okùn kan ṣoṣo: dò, rè, mì

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́ọ̀dù kankan, ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí okùn kìn-ín-ní nìkan. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí mọ sóńfà. Bó ṣe tò lórí okùn náà nìyí: òfìfo ni dò, fírẹ́ẹ̀tì kejì ni rè, kẹrin, mì, karùn-ún, fà, keje, sò, kẹsàn-án, là, kọkànlá, tì, kejìlá, dò tòkè. Orin ìsìn tí ẹ mọ̀ dunjú, orin tí ẹ fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, orin eré òṣùpá, gbogbo wọn ni ẹ lè wá rí lórí okùn kan yìí. Ẹ má wá ìwé. Ẹ kọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì máa wá a pẹ̀lú ìka.

Ìdánrawò kan wà tí ọmọ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ fò. Ohùn mẹ́ta tí a fi ń sọ̀rọ̀ ni dò, re, mí, ó sì wà lórí okùn yín: òfìfo, fírẹ́ẹ̀tì kejì, fírẹ́ẹ̀tì kẹrin. Ẹ fi ta orúkọ yín. Adébáyọ̀ jẹ́ re, mí, mí, dò: ẹ tẹ fírẹ́ẹ̀tì kejì, kẹrin, kẹrin, kí ẹ wá ta okùn lófìfo. Fọlákẹ́ jẹ́ re, mí, mí. Ẹ pe orúkọ àwọn ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tí ẹ pè. Onígángan ń ṣe é láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ohun tó ń ṣe fún ẹ̀yin ni pé ìka yín á mọ ibi tí ohùn wà láìjẹ́ pé ojú ló ń wá a.

Kọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìka kan tí kì í kúrò

Kọ́ọ̀dù ni ohùn bíi mẹ́ta tó jọ dún pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn orin ìsìn àti orin kéékèèké tí à ń kọ kò ju kọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ: ti dò, ti fà àti ti sò. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, F àti G, bẹ́ẹ̀ F ló ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí gìtá, torí ó ń gba kí ìka kan tẹ okùn púpọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, D àti E. A ni dò, D ni fà, E ni sò.

Ìka ìfábẹ̀lá ni a ó pè ní ìka kìn-ín-ní, ti àárín ni kejì, ti òrùka ni kẹta.

A: ìka kìn-ín-ní lórí okùn kẹta, kejì lórí okùn kẹrin, kẹta lórí okùn kejì, gbogbo wọn ní fírẹ́ẹ̀tì kejì. Ẹ ta á láti okùn karùn-ún lọ sísàlẹ̀.

D: ìka kìn-ín-ní lórí okùn kẹta ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, kejì lórí okùn kìn-ín-ní ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, kẹta lórí okùn kejì ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta. Ẹ ta á láti okùn kẹrin.

E: ìka kìn-ín-ní lórí okùn kẹta ní fírẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, kejì lórí okùn karùn-ún ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, kẹta lórí okùn kẹrin ní fírẹ́ẹ̀tì kejì. Ẹ ta gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ẹ wo ìka kìn-ín-ní dáadáa. Láti A bọ́ sí D, kò gbéra rárá. Ibi tó wà náà ló ń gbé. Ìka kẹta kò fi okùn kejì sílẹ̀, ó kàn fà láti fírẹ́ẹ̀tì kejì sí ẹ̀kẹta ni. Ìka kejì nìkan ló fò, láti okùn kẹrin sí èkíní. Láti A bọ́ sí E, ìka kìn-ín-ní fà sẹ́yìn ní fírẹ́ẹ̀tì kan péré lórí okùn kẹta kan náà. Ẹni tó bá ń ká gbogbo ìka kúrò lórí okùn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yí kọ́ọ̀dù, ńṣe ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìka kìn-ín-ní dúró bí òpó, kí àwọn yòókù máa yí i ká.

Bí ẹ bá ti tẹ kọ́ọ̀dù tán, ẹ ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń kùn tàbí tó yadi, ẹ wá ìka tó ń dí i lọ́wọ́, kí ẹ ká oríkèé rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí A sí D, D sí A fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà. Bí ẹ bá lè ṣe é lọ́gbọ̀n ìgbà nínú ìṣẹ́jú kan, orin tí kò sáré kò ní já yín sílẹ̀ mọ́.

Bí A bá lọ sílẹ̀ jù fún ohùn yín, káápò ni ẹ ó rà. Ohun tí a ń há mọ́ ọrùn gìtá ni, owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá há a sí fírẹ́ẹ̀tì kẹta, A tí ẹ ń tẹ̀ ti di C, ìka yín kò sì mọ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún kì í dúró de ọwọ́ òsì

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú píkì, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn. Bí kò bá sí, ẹ gé káàdì ATM tó ti kú sí igun mẹ́ta, kí ẹ fi sáńdípépà ha ẹnu rẹ̀. Ẹ jókòó sábẹ́ aago ara ògiri. Ọgọ́ta ìgbà ló ń dún nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ fa píkì sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá dún, kí ẹ máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ní ení ni kí ẹ máa yí kọ́ọ̀dù. Bí ọwọ́ òsì kò bá tíì débẹ̀, ẹ má dúró dè é. Ẹ ta okùn lófìfo, kí ìlù má já. Àwọn olùgbọ́ lè má fura sí kọ́ọ̀dù kan tó ṣì. Bí ìlù bá já, ẹni tó ń jó á mọ̀.

Nígbà tó bá yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá láìsí píkì. Bí wọ́n ṣe ń ta á nínú orin ẹlẹ́mu nìyẹn, àṣà tí àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà mú kiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí jùjú náà sì mu níbẹ̀. Ẹ tẹ A. Àtàǹpàkò ta okùn karùn-ún, ìfábẹ̀lá ta kejì, àtàǹpàkò ta kẹrin, ìfábẹ̀lá ta kẹta. Ẹ tún un ta, kí ẹ sì tún un ta. Bí ẹ bá bọ́ sí D, ó di kẹrin, èkíní, kẹta, kejì. Ẹ gbọ́ ẹgbẹ́ jùjú èyíkéyìí dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹni tó ń ta gìtá tí wọ́n ń pè ní tẹ́nọ̀ kì í ṣe ju irú èyí lọ: ohùn mélòó kan tó ń yípo, tí kì í yẹ̀, tí àwọn gìtá tó kù àti ìlù sì ń wọ àárín rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó ń dá gbogbo orin gbé.

Ìrora tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́

Orí ìka ọwọ́ òsì máa dùn yín ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Awọ ibẹ̀ á le díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ìrora náà á lọ. Ẹ má ta gìtá lẹ́yìn tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tàbí aṣọ tán, nítorí omi ti sọ awọ di rírọ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́, ìdí àtàǹpàkò tàbí apá ló ń dùn yín, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìrora ẹ̀kọ́. Ìjókòó yín ni kò dára tàbí ẹ ń fún ọrùn gìtá mọ́ra jù. Bó bá ń bá a lọ, ẹ rí dókítà.

Ìka tó ti le tàbí tó ti fara pa kọ́ ni òpin. Django Reinhardt, gbajúmọ̀ onígìtá, fara jóná ní 1928, ìka méjì ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ìka méjì tó kù ló fi ń sáré lórí gìtá tí gbogbo Yúróòpù fi mọ̀ ọ́n. Nílé wa níbí, Fatai Rolling Dollar, tí wọ́n bí ní 1927, ti lé ní àádọ́rin ọdún kí orin rẹ̀ *Wọ́n Kéré Sí Nọ́ńbà* tó tún gbé e jáde sí gbangba.

Tíṣà àti ẹgbẹ́

Fídíò orí YouTube wúlò, àmọ́ fídíò kò lè rí ọwọ́ yín. Ẹ wá ẹni tí á máa wò yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ogún ọdún tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ọmọ yẹn á máa kí yín pé “Ẹ káàárọ̀, sà” tàbí “Ẹ káàárọ̀, mà”, ojú á sì máa tì í láti sọ pé ẹ ṣì í. Ẹ̀yin ni kí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ pè é ní Tíṣà, kí ẹ sì sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kó máa dá yín dúró. Bí kò bá lè sọ pé “Dádì, okùn kẹta yín ń kùn,” owó yín ti ṣòfò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n ta tán kí ẹ tó bá àwọn ènìyàn ta á. Bí ẹ bá ti lè yí A sí D láìdúró, ẹ pe ẹnì kan tó lè lu agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí ẹni kẹta sì máa kọrin. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣì í tí á sì máa bá orin lọ.

Ìtọ́jú

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn tí ẹ bá ta á tán. Òógùn ló ń dípata sí i. Bí okùn bá ti dípata tàbí tí ohùn rẹ̀ ti kú, ẹ pààrọ̀ gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ẹ má fi gìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án, torí ooru á yọ gáàmù rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ó sì máa ń sán. Inú àpò rẹ̀ ni kó máa wà, kó má sì sí níwájú fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Ní àwọn oṣù yòókù, ẹ gbé e kọ́ síbi tí ojú yín á máa kàn án. Gìtá tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ kì í bà á.

Ètò oṣù mẹ́ta

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: títún ohùn okùn ṣe, sóńfà lórí okùn kan, orúkọ àwọn ará ilé.

Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4: A àti D, ìṣẹ́jú kan ti yíyí kọ́ọ̀dù lójoojúmọ́, píkì pẹ̀lú aago.

Ọ̀sẹ̀ 5 sí 8: ẹ fi E kún un. Ẹ mú orin kan tí ẹ mọ̀ látòkèdélẹ̀, kí ẹ máa kọ ọ́ lórí A. Níbi tí etí yín bá ti kọ̀, ẹ dán D wò. Bí kò bá gbà, E ni.

Ọ̀sẹ̀ 9 sí 12: orin kejì àti ẹ̀kẹta, àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá, títa gìtá pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn.

Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ. Ẹ pín in báyìí: ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ohùn okùn, márùn-ún fún okùn kan, méje fún kọ́ọ̀dù, márùn-ún fún orin. Bí ọjọ́ kan bá bọ́, ẹ má ṣe ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ padà.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé, tí ẹ lè kọ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ìlù má já, ẹ ti yege, ẹ ṣí orí tó kàn. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.